Ìwé Àṣẹ àti Ìwé Ẹ̀rí fún Títu Ọkọ̀ Ojú Omi Nílẹ̀ Òkèèrè: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ará Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ìlàjẹ

Ojú ewé yìí wà fún ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́, Oǹdó, Òkìtìpupa tàbí Igbókòdá, tó fẹ́ di ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi nílẹ̀ òkèèrè, yálà fún ìgbafẹ́ tàbí fún iṣẹ́ òòjọ́. Ohun tí a fẹ́ kó yé yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ ni pé ìwé tí èèyàn fi ń gbafẹ́ lójú omi àti ìwé tí èèyàn fi ń gbowó níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹlòmíràn á kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbafẹ́ tán, á wá máa fi wá iṣẹ́ kiri. Ẹlòmíràn á san owó rẹpẹtẹ lórí ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ òkun, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan péré ló fẹ́ fi yá ọkọ̀ ní Gíríìsì. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ẹ ń wá.

Ṣé ìwé àṣẹ kan wà tí gbogbo ayé gbà, bíi ti mọ́tò?

Kò sí o. Ẹni mẹ́rin ló máa ń lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ náà: orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ń ta àsíá rẹ̀, orílẹ̀-èdè tó ni omi tí ẹ wà lórí rẹ̀, ẹni tó yá yín lọ́kọ̀, àti ilé iṣẹ́ adójútòfò. Òfin ìlú lè má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín, kí ẹni tó ń yáni lọ́kọ̀ sì ní bí ẹ kò bá mú ìwé báyìí wá, òun ò ní fún yín ní kọ́kọ́rọ́.

Adójútòfò ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù, nítorí kì í sọ̀rọ̀ títí ìjàǹbá á fi ṣẹlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbá èbúté, tí wọ́n wá rí i pé ìwé yín kò bá irú ọkọ̀ náà mu, tàbí pé ẹ tù ú kọjá ibi tí ìwé yín gbà yín láyè dé, àpò ara yín lẹ máa fi san án. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ yá yín lọ́kọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ímeèlì béèrè ìwé tí wọ́n fẹ́, ẹ sọ irú páásípọ́ọ̀tù tí ẹ ní, kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí.

Láti kékeré ni mo ti ń wa ẹ́ńjìnnì 40 HP láti Igbókòdá lọ sí Ayétòrò. Ṣé ìyẹn kò tó?

Ọwọ́ yín lè dá ju ti olùkọ́ tí ẹ máa bá pàdé lọ, pàápàá bí ẹ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọjá ibi tí odò ti ń pàdé òkun nígbà tí ìgbì ń ru. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá sí lákọsílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kà á fún yín. Ẹ ra ìwé ńlá elẹ́yìn líle kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìrìnàjò yín sínú rẹ̀ lónìí, kì í ṣe ìgbà tí físà bá jáde.

Fún ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ọkọ̀ àti gígùn rẹ̀ ní mítà, agbára ẹ́ńjìnnì, ibi tí ẹ ti gbéra, ibi tí ẹ gúnlẹ̀ sí, iye máìlì òkun, iye wákàtí ọ̀sán àti ti alẹ́, bí afẹ́fẹ́ àti omi ṣe rí lọ́jọ́ náà, àti ipò tí ẹ wà: ṣé ẹ̀yin lọ̀gá ọkọ̀ ni, àbí ẹ kàn wà lára òṣìṣẹ́ rẹ̀? Kí ẹni tó ni ọkọ̀ tàbí ọ̀gá ọkọ̀ fọwọ́ sí i, kó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀. Máìlì òkun kan jẹ́ mítà 1,852, ẹ má ṣe kọ kìlómítà kí ẹ wá pè é ní máìlì.

Ibi tí àkọsílẹ̀ ti sábà máa ń já sí asán nìyí. Fún ìdánwò Yachtmaster, ìyẹn ìdánwò ọ̀gá ọkọ̀ ní ipele gíga, tí RYA, ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ ní Bìrìtéènì, ń ṣe, ìrírí tó ti lé ní ọdún 10 kì í wúlò mọ́. Ó kéré tán, ìdajì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí omi tó ń kún tó sì ń fà. Etíkun Ìlàjẹ ń kún ó sì ń fà, ẹ rí i pé ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tí kò gùn tó mítà 7 kì í sábà ràn yín lọ́wọ́ ní ipele gíga. Bẹ́ẹ̀ náà ni wákàtí alẹ́: àjọ NIWA, tó ń bójú tó omi abẹ́lé wa, kò fàyè gba ìrìnàjò alẹ́ níbẹ̀, fún ìdí tó dára, nítorí náà ẹ má ṣe lọ fi ẹ̀mí wéwu torí àkọsílẹ̀. Òkèèrè, lábẹ́ olùkọ́, ni kí ẹ ti lọ kó wákàtí alẹ́ yín jọ.

Kí ni ICC tí gbogbo èèyàn ń sọ?

International Certificate of Competence ni orúkọ rẹ̀ lódindi. Òun ló súnmọ́ ìwé gbogbogbòò jù lọ ní Yúróòpù. UNECE, tó jẹ́ àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè fún ọ̀rọ̀ ajé Yúróòpù, ló gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ nínú ìpinnu tí wọ́n pè ní Ìpinnu 40. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ló wà fún. Ẹ kò lè fi gba owó èrò.

Nàìjíríà kò sí lára UNECE, nítorí náà kò sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àbújá, Èkó tàbí Àkúrẹ́ tó ń fúnni ní ICC. Ní Bìrìtéènì, RYA ló ń fúnni. Ó kéré tán, ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 16, ọdún 5 ni ìwé náà sì fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà láti gbà á. Ẹ lè ṣe ìdánwò rẹ̀ tààrà lórí omi níwájú olùdánwò, èyí tó dára fún ẹni tó ti mọṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lè ṣe ẹ̀kọ́ kan kí ẹ sì fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ béèrè fún ICC: Powerboat Level 2, tí wọ́n máa ń fi ọjọ́ 2 kọ́, á fún yín ní ti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí kò gùn ju mítà 10 lọ; Day Skipper, ọjọ́ 5 lórí omi, á fún yín ní ti ọkọ̀ ìgbòkun tàbí ti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, bí ẹ bá ṣe kọ́ ọ.

Orí ìwé ICC, àwọn àpótí kéékèèké wà: ọkọ̀ ìgbòkun tàbí ẹlẹ́ńjìnnì, etíkun tàbí omi abẹ́lé. Àpótí tí wọn kò bá fàmì sí, ẹ kò ní in. Èyí tó máa ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ jù ni ti omi abẹ́lé. Kí wọ́n tó fàmì sí i, ẹ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò CEVNI, tó dá lórí àmì, iná àti ìró fèrè tí wọ́n ń lò lórí odò àti ipa omi àtọwọ́dá Yúróòpù. Ìdánwò kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fojú fò ó tó wá fò lọ sí Faransé láti lọ tukọ̀ lórí ipa omi, èbúté ni wọ́n á ti dá a padà.

Ṣé wọ́n á fún ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ní ICC?

Ọmọ ìlú rẹ̀ àti ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sábà máa ń fún. Ọmọ Àkúrẹ́ tó ń kàwé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní Bìrìtéènì, tó sì ní ìwé ìgbélùú, ọ̀nà rẹ̀ rọrùn. Ẹni tó jẹ́ pé láti ilé ló fẹ́ gbéra, kó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní ìwé náà kó tó sanwó ẹ̀kọ́, kó sọ ọmọ ibi tó jẹ́ àti ibi tó ń gbé, kó sì dúró de èsì.

Bí ICC kò bá ṣeé ṣe, ẹ má sọ̀rètí nù. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ Day Skipper fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú nínú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń yáni lọ́kọ̀ ló máa ń gbà á. Ọ̀nà kẹta sì wà tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́: ẹ yá ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá ọkọ̀ tiwọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wọ́nwó díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń kọ́ ojú omi ibẹ̀, ọ̀gá náà á sì fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ yín.

Orílẹ̀-èdè wo ló ń béèrè kí ni?

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn tí àwọn èèyàn wa máa ń lọ jù.

Faransé: ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó bá lágbára ju 4.5 kW, ìyẹn 6 HP, gbọ́dọ̀ ní atukọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 16. Ìwé àṣẹ etíkun kò gba èèyàn láyè kọjá máìlì 6 sí ibi ààbò; ẹni tó bá fẹ́ lọ jù bẹ́ẹ̀ á gba ti agbami. Ọkọ̀ ìgbòkun, òfin kò béèrè ìwé fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yáni á béèrè.

Sípéènì: láìní ìwé kankan, ẹ lè wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí kò gùn ju mítà 5, tí agbára rẹ̀ kò ju 15 HP, tàbí ọkọ̀ ìgbòkun tí kò ju mítà 6, lọ́sàn-án nìkan, láì kọjá máìlì 2 sí èbúté. Lókè ìyẹn, ìwé wọn wà ní ipele ipele. Èyí tí wọ́n ń pè ní PER ló gbajúmọ̀ jù: ọkọ̀ tó gùn dé mítà 15, títí dé máìlì 12 sí etíkun.

Jámánì: ẹ́ńjìnnì tó bá ju 15 HP lọ, ìwé ni. Lórí odò Rhine, ìwọ̀n náà kéré gan-an sí i. Ítálì: ẹ́ńjìnnì tó bá ju 40.8 HP, tàbí kí ẹ kọjá máìlì 6 sí etíkun. Nẹ́dálándì: ọkọ̀ tó gùn tó mítà 15, tàbí èyí tó lè sáré ju kìlómítà 20 ní wákàtí kan.

Kroatíà ló le jù nínú gbogbo wọn, ó sì dára kí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àkójọ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà, orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Èyí tí kò bá sí nínú rẹ̀, kò sí àrọwà. Wọ́n tún ń béèrè ìwé ẹ̀rí rédíò VHF lọ́tọ̀, ó sì yẹ kí ẹnì kan nínú ọkọ̀ ní in. Ọ́fíìsì ọ̀gá èbúté wọn máa ń ṣe ìdánwò tiwọn fún àwọn àlejò, ẹni tó bá yege á gba ìwé Kroatíà. Fún ẹni tí kò rí ICC gbà, ọ̀nà gidi nìyẹn.

Gíríìsì: kí ọ̀gá ọkọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, kí ẹnìkejì tó mọ ọkọ̀ ìgbòkun sì wà pẹ̀lú rẹ̀, tó máa fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ẹnìkejì yìí. Bí ẹ̀yin àti ìyàwó àti ọmọ méjì bá ń lọ, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́ ìyàwó ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kí ẹ tó gbéra, nítorí bí nǹkan bá ṣe yín lójú omi, òun ló máa darí ọkọ̀ padà.

Bìrìtéènì ńkọ́?

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí kò gùn tó mítà 24, òfin kò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń tù ú lójú òkun wọn. Lórí odò Thames àti àwọn ipa omi àtọwọ́dá, ọkọ̀ ló ń gba ìwé àṣẹ, kì í ṣe èèyàn. Nítorí èyí, àwọn kan máa ń rò pé ìwé kò wúlò ní Bìrìtéènì. Ó wúlò o, torí ibẹ̀ ló ti rọrùn jù láti kọ́ ọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì gbé e lọ síbòmíràn.

Amẹ́ríkà àti Kánádà?

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ fún ìgbafẹ́. Ní Florida, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní 1 January 1988 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní káàdì ẹ̀kọ́ ààbò kó tó wa ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó 10 HP. Ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ ń lọ gan-an, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Texas.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé èrò tó ń sanwó níbẹ̀, ìwé àṣẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ni ẹ nílò. Èyí tó kéré jù, OUPV, gba èrò 6 péré tó sanwó. Ọjọ́ 360 lórí omi ni wọ́n ń béèrè, 90 nínú rẹ̀ láàrin ọdún 3 tó ṣáájú. Ọjọ́ tí kò tó wákàtí 4, wọn kì í kà á. Ipele tó tẹ̀ lé e, Master, ọmọ ìlú Amẹ́ríkà nìkan ló wà fún.

Kánádà rọrùn: káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Pleasure Craft Operator Card, ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní ọjọ́ ìparí.

Rédíò VHF: ṣé ó pọn dandan?

Bí rédíò bá wà nínú ọkọ̀, ẹni tó fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ìwé méjì ni, ẹ má sì dà wọ́n pọ̀: ọ̀kan jẹ́ ti èèyàn, tó ń jẹ́ Short Range Certificate, èkejì jẹ́ ti ọkọ̀, tó ń gbé nọ́ńbà oní-díjíìtì 9 tí wọ́n ń pè ní MMSI. Ọkọ̀ tó bá ń ta àsíá Nàìjíríà, 657 ni nọ́ńbà tirẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yá yín lọ́kọ̀ ló ni ti ọkọ̀. Ti èèyàn ni ẹ gbọ́dọ̀ mú lọ.

Ẹ̀kọ́ náà kò gùn, ọjọ́ kan ti tó, ẹ sì lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Àkúrẹ́ kí ẹ tó lọ ṣe ìdánwò. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni bí ẹ ó ṣe ké gbàjarè. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ọmọrí bọ́tìnì pupa, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi ránṣẹ́ lórí ìkànnì 70. Lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí ìkànnì 16, ẹ pe «Mayday» nígbà mẹ́ta, orúkọ ọkọ̀ nígbà mẹ́ta, lẹ́yìn náà «Mayday» lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀ àti MMSI, kí ẹ wá sọ ibi tí ẹ wà, ohun tó ṣẹlẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tí ẹ ń fẹ́ àti iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀. Ibi tí ẹ wà ló ṣe pàtàkì jù. Bí rédíò bá kú lẹ́yìn gbólóhùn kejì, ẹni tó gbọ́ ibi tí ẹ wà lè rí yín. Ẹni tó gbọ́ orúkọ yín nìkan kò lè ṣe nǹkan kan.

Kí ni wọ́n máa ń dán wò gan-an lórí omi?

Èyí ni ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín jù, nítorí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà lè kùnà níbi tí kò retí.

Okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ máa ń so ó mọ́ ara ẹ́ńjìnnì títí láé, tàbí kí wọ́n fi nǹkan mìíràn há a. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́, kí ẹ tó ta ẹ́ńjìnnì. Ìdí ni pé bí ìgbì bá ju atukọ̀ sómi, ọkọ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀ á máa yípo, á sì padà wá bá ẹni tó wà nínú omi pẹ̀lú abẹ ìdí ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbàgbé okùn náà, ẹ ti kùnà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni òfin ìyẹra lójú omi, ti ọdún 1972. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì bá ń bọ̀ ní ojúkojú, ọ̀tún ni kálukú máa yà sí. Bí ọ̀nà yín bá fẹ́ dábùú ara wọn, ẹni tó bá rí ẹnìkejì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kó yẹ̀ fún un. Lálẹ́, iná pupa wà lápá òsì ọkọ̀, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún. Lójú omi tóóró wa ní Ìlàjẹ, ọwọ́ jíjù àti igbe ni àwọn atukọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Olùdánwò kò ní gba ìyẹn.

Àmì ẹnu èbúté tún wà. Ní Nàìjíríà, gbogbo Áfíríkà àti Yúróòpù, bí ẹ bá ń wọlé láti òkun, àmì pupa gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òsì yín. Ní Amẹ́ríkà ti Àríwá àti ti Gúúsù, Japan, Kòríà àti Philippines, òdìkejì ni: pupa lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó kọ́ ọ ní Bìrìtéènì tó sì lọ tukọ̀ ní Florida láìrántí èyí, orí iyanrìn ló máa gúnlẹ̀ sí.

Ìdákọ̀ró náà ń da àwọn èèyàn láàmú. Ṣéènì tí ẹ máa tú sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 4 jíjìn omi, ìlọ́po 6 bí ó bá jẹ́ pé okùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n jíjìn wo? Jíjìn ìgbà tí omi bá kún tán. Bí omi bá jẹ́ mítà 5 nísinsìnyí, tí yóò sì fi mítà 3 gòkè kó tó di òru, mítà 8 ni ẹ máa fi ṣe ìṣirò: ṣéènì mítà 32. Ẹni tó bá fi mítà 5 ṣe é á tú 20 sílẹ̀, ọkọ̀ á sì máa wọ́ ìdákọ̀ró kiri nígbà tí gbogbo yín bá ti sùn.

Ẹ tún máa gbé ẹni tó jábọ́ sómi, ẹ máa gúnlẹ̀ sí èbúté nígbà tí afẹ́fẹ́ ń ti yín kúrò níbẹ̀, ẹ máa ya ipa ọ̀nà yín sórí máàpù òkun pẹ̀lú pẹ́ńsù, rúlà àti kọ́ńpáàsì, ẹ sì máa ka tábìlì kíkún àti fífà omi. GPS kò kúnjú ìwọ̀n fún ìdánwò. Máàpù yìí lẹ lè fi ṣeré ìdánwò nílé, lórí tábìlì, fún oṣù méjì kí ẹ tó gbéra. Ẹni tó bá ṣe é, ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ á dùn.

Iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe, kì í ṣe ìgbafẹ́. Ibo ni kí n gbà?

Ọ̀nà méjì ni, wọn kì í sì í pàdé títí ẹ fi rìn jìnnà.

Ọkọ̀ ńlá ni àkọ́kọ́: ọkọ̀ ẹrù, ọkọ̀ epo. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ òkun, STCW ti 1978, tí wọ́n tún ṣe ní 1995 àti ní Manila ní 2010, ló ń darí rẹ̀. Nílé wa, NIMASA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun, ló ń bójú tó o, Maritime Academy of Nigeria ní Oron sì jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún un. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbà ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ààbò: bí a ṣe ń yè lójú omi, panápaná, ìtọ́jú ìpìlẹ̀, ààbò ara ẹni àti ìbágbépọ̀ nínú ọkọ̀, ẹ sì tún máa ń ní láti gba ti ìṣọ́ra lọ́wọ́ ọ̀daràn. Ti yíyè àti ti panápaná, ọdún 5-5 ni ẹ máa ń tún wọn ṣe. Ìwé ẹ̀rí Nàìjíríà kì í dá ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ àjèjì: orílẹ̀-èdè tó ni àsíá ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ fi ìwé tirẹ̀ ti ipò ọ̀gá yín lẹ́yìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bóyá orílẹ̀-èdè náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwé NIMASA, kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn.

Ọkọ̀ kékeré àti ọkọ̀ ọlọ́lá ni ìkejì: gbígbé arìnrìn-àjò, ẹ̀kọ́ ìwẹ̀ abẹ́ omi, ọkọ̀ àwọn olówó. Yachtmaster tó ní àfọwọ́sí iṣẹ́ ni ìwé tó lórúkọ jù níbẹ̀. Yachtmaster Coastal ń béèrè ọjọ́ 30 lórí omi, máìlì 800 àti wákàtí alẹ́ 12. Offshore ń béèrè ọjọ́ 50, máìlì 2,500 àti ìrìnàjò gígùn 5 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju máìlì 60. Méjèèjì ń béèrè ìwé rédíò àti ìwé ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Kí ó tó di ti iṣẹ́, ẹ máa fi àyẹ̀wò dókítà, ẹ̀kọ́ yíyè lójú omi àti ẹ̀kọ́ ìwà iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kún un. Pẹ̀lú Coastal, ẹ lè ṣiṣẹ́ dé máìlì 60 sí ibi ààbò. Pẹ̀lú Offshore, 150.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi Yachtmaster ṣíde. Ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ STCW, ìwé dókítà ENG1 àti Powerboat Level 2 ti tó láti wá iṣẹ́ ọmọ ọkọ̀. Orí iṣẹ́ náà ni ẹ ti máa kó máìlì jọ, wọ́n á sì máa sanwó fún yín.

Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ dá àwọ̀ mọ̀. Ṣé mo lè gbà á?

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò àwọ̀ ní Àkúrẹ́ kí ẹ tó san owó ohunkóhun. Fún ìgbafẹ́, ó ṣeé ṣe. Fún iṣẹ́, ẹni tí kò lè yà pupa sọ́tọ̀ sí àwọ̀ ewé lè rí ìwé tó fi mọ sí ọ̀sán nìkan, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kì í sì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dun ni, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ mọ̀ nílé.

Ìwé wo ni kí n tò jọ nílé kí n tó gbéra?

Páásípọ́ọ̀tù ló ṣáájú, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Alágbàká. Ibi tí ìyọnu wà ni orúkọ. Bí WAEC bá pè yín ní orúkọ mẹ́ta, tí NIN gbé méjì, tí páásípọ́ọ̀tù sì yí ti bàbá síwájú, ìwé ẹ̀rí òkun á jáde ní orúkọ kan tí kò bá èyíkéyìí mu, àwọn aṣọ́bodè á sì dá yín dúró. Ẹ tún NIN ṣe kí ẹ tó gba páásípọ́ọ̀tù, kí ẹ sì fi orúkọ bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ níyì lójú wọn.

Físà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Físà àbẹ̀wò Bìrìtéènì gba ẹ̀kọ́ kúkúrú láyè láàrin oṣù 6, ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́. Ti Schengen jẹ́ ọjọ́ 90 láàrin ọjọ́ 180. Ìwé ẹ̀rí kò sọ yín di ẹni tó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ mú fọ́tò páásípọ́ọ̀tù, ìwé dókítà, ìwé àkọsílẹ̀ ìrìnàjò yín gan-an, àti ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ lórí fóònù.

Ẹnì kan ní òun lè bá mi gba Yachtmaster láìṣe ìdánwò. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni. Kò sí Yachtmaster tí olùdánwò kò bá èèyàn wọ ọkọ̀. Ìwé tí ẹ kò wọ ọkọ̀ fún, tí wọn kò béèrè àkọsílẹ̀ máìlì yín, tí wọ́n ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ènìyàn kan, ayédèrú ni. Nọ́ńbà wà lórí ìwé gidi, ẹgbẹ́ tó fúnni sì lè jẹ́rìí sí i fún agbanisíṣẹ́. Ti STCW náà, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń bi NIMASA. Bí wọ́n bá mú èèyàn pẹ̀lú ayédèrú, iṣẹ́ lọ, físà lọ. Èyí tó tún burú ju bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ ti gbé ẹ̀mí èèyàn sórí omi láìmọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Bí mo bá padà sílé, ṣé ìwé òkèèrè á ṣiṣẹ́ ní Igbókòdá?

Kò rọ́pò ti ilé. Ọkọ̀ tó bá ń gbé èrò tàbí ẹrù gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NIWA, kí láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó kárí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà á bá yín padà, ẹ sì lè fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín: okùn pupa mọ́ ẹsẹ̀, kíka iye èrò kí ọkọ̀ tó gbéra, wíwo ojú ọjọ́ kí wọ́n tó kọrí sí Àwóyè.

Bí ìwé bá sọnù tàbí tó bá parí ńkọ́?

Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé kọ̀ọ̀kan sí ibi tí kò sí nínú báàgì kan náà. Ẹgbẹ́ tó fún yín ló máa tẹ òmíràn, ẹ ó sanwó, wọ́n á sì fi ránṣẹ́. Àdírẹ́sì tí ẹ fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí lẹ́tà lè dé gan-an. ICC àti àfọwọ́sí iṣẹ́ jẹ́ ọdún 5. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe wọn nígbà tó bá ku oṣù 3, torí àyẹ̀wò dókítà ló sábà máa ń fa ìdádúró.